Ìwé Òjò Mọ́kànlá: Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Dátà Ìwádìí Wa?

Bàbá kan wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú àpò Ghana-must-go kékeré kan. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni wọ́n nílùú Oǹdó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé mọ́kànlá ló wà nínú àpò yẹn, irú ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ nǹkan sí, ọdún kan sí ìwé kan. Láràárọ̀, wọn a lọ sẹ́yìn kíláàsì, wọn a wo iye omi tó wà nínú ike tí wọ́n fi ń wọn òjò, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ìyàwó wọn ló ń bá wọn lọ kà á. Ikán ti jẹ etí méjì nínú àwọn ìwé náà.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “bá mi gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má baà ṣègbé lọ́jọ́ tí mo bá papò dà.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ ká jókòó ná.”

Ohun tí Bàbá ń fẹ́ yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, kó má ṣègbé lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń pa méjèèjì pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé òjò tirẹ̀, ìbáà jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀ tó ń kọ iye àpò kòkó tó ń kó lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí dátà ìwádìí jẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ àpilẹ̀kọ pé òjò ti ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Oǹdó, àpilẹ̀kọ yẹn ni ìdájọ́. Ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí tí adájọ́ gbọ́ kó tó dájọ́, ìyẹn iye òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ni dátà. Láti bí ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń tọ́jú ìdájọ́ sínú ilé ìkàwé. Ẹ̀rí ni a ń jẹ́ kó máa dànù. Bí ẹ̀rí bá sì ti dànù, kò sẹ́ni tó lè yẹ ìdájọ́ wò mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí yẹn dá ẹjọ́ mìíràn tí ẹni àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ ronú kàn.

Àwọn kan á ní, “Ẹni tó bá fẹ́ dátà, kó kọ ímeèlì sí ẹni tó ṣe ìwádìí.” Àwọn olùwádìí kan ti dán èyí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Wọ́n wá dátà àpilẹ̀kọ 516, èyí tó tuntun jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 2, èyí tó pẹ́ jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 22. Wọ́n rí i pé bí àpilẹ̀kọ bá ṣe ń fi ọdún kan dàgbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní pé dátà rẹ̀ ṣì wà ń fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àdírẹ́sì ímeèlì ti kú, tàbí kó jẹ́ pé dátà wà nínú ohun àtijọ́ tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á mọ́. Nílé níbí, mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi ọdún mẹ́ta rìn káàkiri oko lọ́nà Ìdànrè, tó ń ka èso kòkó tí àrùn ìgbà òjò ti sọ di dúdú. Inú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Olè gbé láptọ́ọ̀pù náà nínú ọkọ̀. Ó rí láptọ́ọ̀pù mìíràn rà. Ọdún mẹ́ta yẹn kò ní ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Google Drive ńkọ́? Ó dára fún iṣẹ́ òní. Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ má ṣe jáfara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni àkáǹtì ló ni kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí tí ó kú, tàbí tí yunifásítì rẹ̀ pa àkáǹtì náà nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ibi ìpamọ́ dátà gan-an yàtọ̀. Ó ń fún dátà rẹ ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, ó ń kọ àlàyé nípa rẹ̀ síta kí àwọn ẹ̀rọ ìwákiri lè rí i, ó ń pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti gba ojúṣe náà sórí ara rẹ̀ pé òun á máa ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nọ́ńbà yẹn máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Orúkọ rẹ̀ ni DOI, 10 ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ní Àkúrẹ́ níbí, tí a bá ń júwe ilé fún àlejò, a máa ń ní, “Bó o bá ti kọjá Ọjà Ọba, wàá rí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, yà síbẹ̀.” Lọ́jọ́ tí aláṣọ bá kó lọ, àlejò ti sọnù. Bí líǹkì lásán ṣe rí nìyẹn. Nọ́ńbà fóònù ni DOI jọ ní tirẹ̀: bí o kó lọ sí Ọ̀wọ̀, bí o kó lọ sí Ìkàrẹ́, ẹni tó bá pè ọ́ á ṣì bá ọ. DataCite, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ló ń jẹ́ kí àwọn ibi ìpamọ́ rí DOI fún dátà gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé nọ́ńbà yẹn ń dá tẹ̀ lé fáìlì kiri. Ènìyàn kan ló gbọ́dọ̀ máa sọ pé, “A ti gbé e kúrò lọ́hùn-ún, ibí ló wà báyìí.” Bí kò bá sí ẹni náà mọ́, DOI pàápàá á di nọ́ńbà tí ń dún lásán tí ẹnikẹ́ni kì í gbé.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ọmọ-ọmọ Bàbá ló bá wọn tẹ àwọn ìwé náà sínú Excel. Ọmọ dáadáa ni, ó sì ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí mo ṣí fáìlì kìíní, mo rí òpó kan tí ó kọ “ojo” sí lórí, láìsí àmì ohùn, nọ́ńbà 1, 2, 3 títí dé 31 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ nìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo ṣí fáìlì kẹrin, mo tún bá “ojo”. Ohun tó wà lábẹ́ eléyìí ni 12.4, 0, 0, 31, 5. Òjò ni. Ẹ wo 31 yẹn dáadáa: ní fáìlì kan, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù ni, ní fáìlì kejì, àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀. Bí ẹnì kan bá da fáìlì mọ́kànlá pọ̀ láìwò wọ́n, á máa fi ọjọ́ ro òjò, kò sì sí ohun tí yóò pariwo pé ó ti ṣì í.

Òmíràn tiẹ̀ wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oṣù Kẹfà ọdún kan, ọjọ́ méje tẹ̀ léra wọn tí ó kọ 0 sí. Oṣù Kẹfà, nílùú Oǹdó! Mo ṣí ìwé fúnra rẹ̀ wò, mi ò rí 0 níbẹ̀. Ìlà kékeré ni Bàbá fà sí ọjọ́ méjèèje. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

“Rárá o,” ni wọ́n wí. “Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ló wà ní ọsibítù, mi ò dé iléèwé.”

Ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó wọn fi wà ní ọsibítù ti di ọ̀gbẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè tún un ṣe, a sì dúpẹ́ pé fóònù rẹ̀ wà ní títàn. Ibi tí a kò bá ti wọn nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé pé òfìfo túmọ̀ sí “a kò wọ̀n ọ́n”. Òdo jẹ́ èsì: a lọ wò ó, a kò bá omi kankan.

Kò sí ìlú tí irú èyí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Excel ti sọ orúkọ jíìnì ènìyàn, ìyẹn ohun inú ara tí a fi ń jogún ìrísí òbí, di déètì láìmọye ìgbà: ẹ tẹ SEPT1 sínú rẹ̀, á sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Wàhálà náà pọ̀ débi pé ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ kéde lọ́dún 2020 pé àwọn ti yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà. SEPT1 wá di SEPTIN1.

Àpẹẹrẹ kejì wà nílé wa níbí, nínú àpáta lápá Ìsàrun tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá egungun ènìyàn kan tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ọdún. Ó wà lára èyí tó pẹ́ jù tí a tíì rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí mìíràn tún ìrísí agbárí rẹ̀ wọ̀n, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti wà láyé ṣáájú ìgbà tirẹ̀ gidigidi. Ọdún 46 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n wú u àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ tuntun yìí jáde. Bí àkọsílẹ̀ bá ti sọnù láàárín, kò ní sí ohun tí wọn á rí sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún: Iwo Eleru. Kí ni ìwo ń wá nínú ọ̀rọ̀ àpáta? Orí ẹran la mọ ìwo sí. Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì bá ibi tí ènìyàn ti dáná, tó ti gbé, mu rẹ́gí. Àìpẹ́ yìí ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bó ṣe tọ́. Iṣẹ́ olùtọ́jú dátà níbẹ̀ ni kó kọ orúkọ méjèèjì sínú àkọsílẹ̀, kí ó sì sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́. Bí ọmọ Àkúrẹ́ kan bá tẹ Ihò Eléérú, kó rí i. Bí ẹni tó ń ka ìwé àtijọ́ bá tẹ Iwo Eleru, kí òun náà rí i. Tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe FAIR, ìlànà mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 ni: kí dátà ṣeé rí, kó ṣeé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó lè bá dátà mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, kó sì ṣeé tún lò. Orúkọ méjì nínú àkọsílẹ̀ kan, òfìfo tí kì í ṣe òdo, àmì ohùn lórí òjò: báyìí ni ìlànà mẹ́rin yẹn ṣe ń rí tó bá délé.

Ẹni tó bá ti ta kòkó rí á tètè lóye iṣẹ́ olùtọ́jú dátà. Àgbẹ̀ ti ní kòkó òun gbẹ. Síbẹ̀, ayẹkòkówò á gún àpò, á mú èso díẹ̀ jáde, á gé wọn sí méjì, á wo inú wọn bóyá wọ́n ti bu tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kó tó fi gírédì lé e. Kò pe àgbẹ̀ ní òpùrọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó máa rà á lókè òkun kò ní sí níbẹ̀ láti bi í léèrè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùtọ́jú dátà ṣe ń ṣí fáìlì, tó ń bèèrè ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan ń sọ àti ìwọ̀n tí wọ́n lò, tó sì ń wo ibi tí nọ́ńbà kò ti bá ara wọn mu. Ẹni tó máa lo dátà náà lógún ọdún òní kò ní rí Bàbá pè.

Owó ló kàn, ibẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan ti ń dojú rú. Mo ti rí i ní iléèwé tó ju ẹyọ kan lọ. Owó ìrànwọ́ dé, wọ́n ra sẹ́fà, kọ̀ǹpútà ńlá tí dátà ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ, wọ́n ya fọ́tò. Lọ́dún kejì, dísù jẹnẹrétọ̀ di ìṣòro. Lọ́dún kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó jápa. Lọ́dún kẹrin, kò sẹ́ni tó rántí san owó orúkọ ojú ewé náà. Gbogbo àpilẹ̀kọ tó ti fi líǹkì yẹn sínú wá ń tọ́ka sí ilé tí wọ́n ti wó. Mi ò dá àwọn iléèwé náà lẹ́bi tán. Ẹrù tí kò yẹ fún ẹnì kan ni wọ́n gbé lé ẹnì kan lórí.

Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, wọ́n á ṣe àáró: lónìí gbogbo wa lọ́dọ̀ rẹ, lọ́la gbogbo wa lọ́dọ̀ mi. Nínú iṣẹ́ dátà, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1962, nígbà tí àwọn yunifásítì kan kóra jọ sábẹ́ ICPSR ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, láti máa jọ tọ́jú dátà ìmọ̀ nípa àwùjọ. Iléèwé tó wà nínú ẹgbẹ́ náà báyìí ju 700 lọ, owó ẹgbẹ́ tí kálukú ń dá sì wà lára ohun tó gbé e ró. Data Curation Network jẹ́ àáró gan-an: olùtọ́jú dátà kan kò lè mọ ti òjò, kó mọ ti jíìnì, kó mọ ti máàpù, kó tún mọ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí náà àwọn yunifásítì tó wà níbẹ̀ ń yá ara wọn ní ojú àti ọwọ́. Lọ́dún 2018, Dryad, tó ti ń tọ́jú dátà ìwádìí fún àwọn jọ́nà, dara pọ̀ mọ́ California Digital Library, ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ ti Yunifásítì California. Wọ́n lo irinṣẹ́ kan náà, dípò kí kálukú máa dá kọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ojú ọjọ́ wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn nílùú Oǹdó, ń ṣiṣẹ́ ìlera. Yunifásítì Adéyẹmí nílùú Oǹdó kan náà ń kọ́ àwọn olùkọ́, yunifásítì tó wà ní Àkùngbá sì ní tirẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tó mọ dátà òjò ní Àkúrẹ́ kò lè yẹ ti Oǹdó wò, kí ẹni tó mọ dátà aláìsàn ní Oǹdó sì yẹ ti Àkùngbá wò? Ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn. A kò nílò sẹ́fà mẹ́rin.

Kí àjọ tó lè pẹ́, ó ní bí a ṣe ń ṣe é. Ìlànà kan wà tí wọ́n kọ lọ́dún 2015 fún irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí, POSI ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti dá àjọ rí á mọ̀ pé òótọ́ ni. Owó tó ní ọjọ́ ìparí, iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìparí ni kí ẹ fi ṣe: ẹ fi owó ìrànwọ́ kọ́ ilé, ẹ má fi san owó oṣù aṣọ́nà. Ẹ ní owó nípamọ́ fún ọjọ́ òjò. Àwọn tó ń lò ó ni kó máa darí rẹ̀. Kí kóòdù àti àkọsílẹ̀ sì wà ní gbangba, tó fi jẹ́ pé bí àwọn alága bá ṣe ohun tí kò tọ́, tàbí bí ẹgbẹ́ bá tú, ẹlòmíràn lè gbé ẹrù náà láti ibi tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi.

Àwọn kan á sọ pé, “Zenodo ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀, kí la tún ń wá?” Òótọ́ ni. CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà nítòsí Geneva, àti OpenAIRE, ètò Yúróòpù kan fún ìwádìí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2013, olùwádìí láti ibikíbi lè gbé dátà síbẹ̀, tó 50GB lẹ́ẹ̀kan, láìsan kọ́bọ̀. Tí o kò bá ní ibòmíràn, gbé e síbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa bá ọ ṣí fáìlì kẹrin níbẹ̀ kó bi ọ́ pé òjò ni àbí ọjọ́. Àti pé ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gbogbo wa la rí bí ohun tó wà lókè òkun ṣe lè jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú kan. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láti 1999 tí wọ́n ń pè ní LOCKSS. Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ni pé ẹ̀dà púpọ̀ níbi púpọ̀ ni ààbò. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́hùn-ún, kí ẹ̀dà kan wà nílé. WACREN, tó ń so àwọn yunifásítì Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pọ̀, ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ṣiṣẹ́ lórí èyí lábẹ́ ètò LIBSENSE. Ó yẹ kí àwọn iléèwé wa máa béèrè ipò wọn níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù méjì tí mo sábà máa ń gbọ́, mo fẹ́ dáhùn wọn kíákíá. Èkíní ni pé wọn á jí i. Ibi ìpamọ́ lè ti dátà pa fún ọdún kan tàbí méjì títí tí àpilẹ̀kọ rẹ á fi jáde, àkọsílẹ̀ DOI rẹ̀ sì ní déètì lára, òun ni ẹlẹ́rìí pé ìwọ lo kọ́kọ́ ní in. Èkejì ni àṣírí aláìsàn. Ẹ má gbé orúkọ aláìsàn síta láéláé. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 wà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì máa ń sọ pé kí a ṣí i débi tó bá ṣeé ṣe, kí a tì í débi tó bá pọn dandan. O lè ti dátà pa, kí o sì jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ó wà, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n á tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti wo àkọsílẹ̀ náà kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Mo ka ìwé àlàyé sí wọn létí: òjò wà ní mìlímítà, aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń kà á, òfìfo túmọ̀ sí pé wọn kò wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún ibi méjì ṣe. Nígbà tí mo dé ibi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tó kó dátà jọ sí, tiwọn nìkan ló wà níbẹ̀.

“Kọ ti ìyàwó mi síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Òun ló ń kà á ní gbogbo ìsinmi.”

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn rí i bó ṣe hàn, mo sì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn.